Fáíbà Ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ìlérí Ẹni Tó Tà Á àti Iṣẹ́ Ẹni Tó Fà Á

Íntánẹ́ẹ̀tì onífáíbà (èyí tó ń gba inú wáyà gíláàsì wọlé) tí a gbà sí ilé wa ní Mọ́lípa, ní Ìjẹ̀bú-Òde, dára, mo sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù láìkùn. Síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára rárá, n kò sì rí ẹ̀bi wáyà tàbí ti àwọn ọmọkùnrin tó gun àkàbà wá so ó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tà á fún wa ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tí ojú wa rí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ojúlùmọ̀ mi ní Ṣágámù àti Àgọ́-Ìwòyè ń sọ nípa àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn.

Ẹni tó tà á fún wa jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó sì bọ̀wọ̀ fún wa. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Dádì, láàárín wákàtí 48 ẹ ó ti máa lò ó. 100 Mbps ni ìyára rẹ̀, kò sí yàrá tí kò ní dé nínú ilé yín, ẹ ò sì tún ní san kọ́bọ̀ kankan fún ìsopọ̀ lẹ́yìn èyí.” Kí ènìyàn tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ bí òpó ilé iṣẹ́ wọn ṣe jìnnà sí ilé oníbàárà tó, kó mọ iwájú ilé ta ni wáyà máa gbà kọjá, kó sì mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé náà. Kò bèèrè ọ̀kankan nínú wọn. Orúkọ wa, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ló kọ sílẹ̀, ó sì gba owó. N kò dá ọmọ náà lẹ́bi, nítorí pé àwọn tó rán an níṣẹ́ kò fún un ní ohunkóhun tó lè fi mọ ibi tí wáyà wọn dé àti ibi tí kò dé.

Wákàtí 48 kọjá, ọ̀sẹ̀ sì kọjá. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé níkẹyìn, wọ́n rí i pé òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa kì í ṣe tiwọn. Èyí tó ní àpótí fáíbà wọn, níbi tí wáyà ilé kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, wà ní òpópónà kejì, wáyà sì gbọ́dọ̀ gba iwájú ilé aládùúgbò wa kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé ẹbí ni ilé náà. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò láṣẹ láti gbà kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ọn, àfi kí a bi bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá náà sì ń gbé. Bàbá gbà, ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún wa, ṣùgbọ́n ó gba àkókò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ní Ìjẹ̀bú rí mọ̀ pé báyìí ni ilé ẹbí ṣe rí, ó sì yẹ kí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe òwò láàárín wa ti fi ìbéèrè nípa rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún oníbàárà kọ.

Owó tó lé ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ náà ní, “Dádì, ẹ má bínú, ìwọ̀n wáyà tó wà nínú owó tí ẹ san kò lè dé ibí, èyí tó bá lé, ẹ̀yin lẹ máa san án.” A san án, kí iṣẹ́ má baà dúró, ṣùgbọ́n mo mú rìsíìtì àti ìwé ìpolówó wọn lọ sí ọ́fíìsì wọn. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, kò fàyè gba kí wọ́n fipá mú ènìyàn san ju iye tí wọ́n kọ sára ọjà lọ, ohun tó sì wà lára ìwé wọn ni pé owó ìsopọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Mo fi sùúrù ṣàlàyé èyí fún wọn, wọ́n sì yọ owó náà kúrò nínú ti oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó ń dùn mí pé ẹni tí kò bá mọ òfin yìí yóò kàn san án, yóò sì dákẹ́.

Ní ti àwọn tó fa wáyà, ìyìn ni mo ní fún wọn. Okùn gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ni fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ìdọ̀tí díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tàbí kí wọ́n ká a ju bó ṣe yẹ lọ, lè mú kí ìmọ́lẹ̀ náà dín kù kó tó dé ilé. Wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n fi sípírítì nù ún, wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kó tẹ́jú, wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná yọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ so kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n gé e dànù, wọ́n sì tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ìbá mọ̀ ká ní wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ náà, -19 dBm ni ẹ̀rọ kọ jáde; ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀ ni dBm, bí nọ́ńbà náà bá ṣe jìnnà sí òdo sísàlẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe dín kù tó. Irú ráútà tí wọ́n gbé fún wa lè ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bíi -27, tó túmọ̀ sí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá tilẹ̀ dín kù díẹ̀ sí i, kò ní já. Níbi tí wáyà ti fẹ́ wọ ògiri, wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò lè máa kán síta dípò kó tọ̀ ọ́ wọlé, wọ́n sì ká èyí tó ṣẹ́kù pamọ́ síta, kí ó lè wúlò bí wáyà bá já lọ́jọ́ kan. Ó wù mí kí àwọn ọ̀gá wọn mọ̀ pé irú àwọn ènìyàn yìí ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ìyára ló kàn. Nígbà tí a fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà ní pálọ̀, ó lé ní 90 Mbps, ó sì bá ohun tí a rà mu. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ọmọ mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti ilé, kò tó 10. Ilé àtijọ́ ni ilé wa: ògiri alámọ̀ tó nípọn ni wọ́n fi kọ́ ọ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, àwọn yàrá sì tẹ̀ léra ní ìhà méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Oríṣi ìgbì méjì ni Wi-Fi ráútà wa ń lò: ti 5 GHz yára, ṣùgbọ́n kò lágbára láti la irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá, ti 2.4 GHz ń là á kọjá jù ú lọ, àmọ́ kò yára tó o. Ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pálọ̀ iwájú ni wáyà wọn parí sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé ráútà sí. Níkẹyìn, owó wa ni a fi fa wáyà mìíràn gba inú àjà dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a fi ráútà kejì síbẹ̀, yàrá ẹ̀yìn sì ń rí bíi 60 báyìí. Ìbá ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ká ní ẹnì kan wá wo ilé náà kí wọ́n tó gba owó.

Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú. Aládùúgbò wa kan rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, nítorí pé ó ra 100, fóònù rẹ̀ sì ń fi 12 hàn nígbà tó ń gba fíìmù sílẹ̀. Bíìtì ni Mbps ń kà, báìtì ni fóònù rẹ̀ ń kà, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. 100 Mbps kò lè ju mẹ́gábáìtì 12.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fíìmù tó tó gígábáìtì 1 yóò sì gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 80, ó kéré tán. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ilé ló ń pín ìmọ́lẹ̀ kan náà lò láti inú àpótí, nítorí náà bí gbogbo àdúgbò bá jókòó ti fíìmù lálẹ́, tiwa máa ń já wálẹ̀ sí 60 tàbí kó dín díẹ̀. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2020 sí 2025 fi 25 Mbps ṣe ìwọ̀n tó kéré jù lọ fún ìlú ńlá, 10 fún ìgbèríko. 60 lálẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ohun tó yẹ kí inú ènìyàn dùn sí. Ìlérí “100 nígbà gbogbo” ló sọ ọ́ di ohun tí a ń bínú sí.

Bí NEPA bá mú iná lọ, fáíbà kì í lọ, bí ráútà bá ṣáà ti rí iná bátìrì kékeré lò. Nígbà tí àwọn tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe gé wáyà, ilé iṣẹ́ náà kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àwa la pè wọ́n. Ìyẹn kù díẹ̀ káàtó. Kí oníbàárà máa gba nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá pè, nítorí òun ni yóò tọ́ka sí bí ilé iṣẹ́ kò bá dáhùn, tó sì di dandan kó pe NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, lórí 622.

Àwọn kan ní àdúgbò wa ṣì ń lo ráútà onísíìmù, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn títí di àsìkò Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí èrò máa ń kún ìlú, tí gbogbo wọn ń fi fídíò ránṣẹ́ láti orí òpó kan náà. Fáíbà tiwa kò mọ̀ pé àlejò wọ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní Mọ́lípa, kí ó ní kí wọ́n fi àpótí tó wà lórí òpó tó sún mọ́ ọn jù lọ hàn án, kí wọ́n sì ṣí i lójú rẹ̀. Ihò tí wọ́n ń ki wáyà ilé kọ̀ọ̀kan bọ̀ níye. Èyí tó wà ní òpópónà kejì sí wa ti kún, wọ́n sì ṣì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀.