Fóòmù, Sìmẹ́ǹtì Pípò Tàbí Títún Dà: Èwo Ló Yẹ Ilẹ̀ Kọnkéré Ilé Iṣẹ́ Yín?

Kí ẹ tó bá agbaṣẹ́ṣe kankan dúnàádúrà, ẹ jẹ́ kí forklift tó gbé ẹrù kọjá lójú ibi tí abala kọnkéré méjì ti pàdé, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa wò ó. Bí abala kan bá tẹ̀ díẹ̀ tí èkejì ò mira, ihò ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn ò ki ilẹ̀ náà dáadáa, tàbí omi ti wọ́ iyanrìn lọ, tàbí kẹ̀ òkè kọnkéré ló yára gbẹ ju ìsàlẹ̀ lọ tí etí rẹ̀ fi ká sókè. Ohunkóhun tí ẹ bá fi dí ojú sísán nírú ibẹ̀, yóò tún ya. Abẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tà fún iṣẹ́ abẹ́ yìí. Fóòmù polyurethane ń gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lu sí kọnkéré, bíi 16 mm, wọlé. Ó ń wú, ó sì ń le láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí náà iṣẹ́ lè padà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Sìmẹ́ǹtì pípò, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tì sí abẹ́ kọnkéré, ń fẹ́ ihò lílu tó tó 40 sí 50 mm, ilẹ̀ náà á sì sinmi fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Bí ilé iṣẹ́ yín ò bá lè dáwọ́ dúró, fóòmù ni. Ó tún fúyẹ́, èyí tó dára bí ilẹ̀ abẹ́ bá rọ̀. Ṣùgbọ́n bí àlàfo abẹ́ ilẹ̀ náà bá tóbi tó sì fẹ̀, owó fóòmù á ga kọjá ààlà; sìmẹ́ǹtì ni èmi yóò mú níbẹ̀, bí wọn ò bá ti bu omi pọ̀ jù sí i. Èyí tó bá ṣàn jù á súnkì nígbà tó bá gbẹ, àlàfo á sì tún yọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á gbé ilẹ̀ náà sókè. Etí tó ti ká kò nílò gbígbé rárá: kí wọ́n kún abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá òkè rẹ̀ kó tẹ́jú.

Títún dà kù fún abala tó ti fọ́ yángá, tàbí tó tín-ín-rín ju ẹrù tó ń gbé lọ. Kọnkéré lásán ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó le tán. Èyí tó ń yára le wà, ó kàn wọ́n ni. Kí wọ́n má gbàgbé ọ̀pá irin tó so ó mọ́ abala ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí abẹ́ bá ti dúró, epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó ń le gan-an, ló yẹ sísán tí kò mira mọ́. Ojú ìpàdé tí táyà forklift líle ń gbá ń fẹ́ polyurea, ìyẹn ike olómi tí wọ́n ń dà sí i, torí pé ó le síbẹ̀ ó ń fà díẹ̀.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ béèrè pé kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ìyàtọ̀ tó wà nínú bí abala méjì ṣe ń tẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Fún táyà kékeré líle, kò yẹ kó ju 0.25 mm lọ. Bó bá sì jẹ́ ìwọ̀n kílò fóòmù ni wọ́n fi ń gba owó, kí ẹ kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá síbẹ̀.