Fláṣì Ventoy àti Hiren's BootCD PE: ibi tí agbára wọn dé lára láptọ́ọ̀pù tí kò gbéra

Ọ̀fẹ́ ni Ventoy, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbéra láti orí fláṣì, ọ̀fẹ́ ni Hiren's BootCD PE, àpò irinṣẹ́ àtúnṣe Windows. Fláṣì nìkan lẹ máa fowó rà. Tí méjèèjì bá wà lórí fláṣì kan, wọ́n á gba ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tó yá lẹ́nu àwọn ẹnjiníà wa jù lọ: "Ẹ jẹ́ ká fọ́mátì ẹ̀." Ẹni tó fọ́mátì ẹ̀rọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é ti nu ẹ̀rí nù, ó sì ti nu fọ́tò àti ìwé onítọ̀hún mọ́ ọn.

Kí ẹ tó wá fláṣì, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀rọ náà dáadáa. Tí àmì HP, Dell tàbí Lenovo bá yọ, tó wá dúró síbẹ̀, tàbí tó gbé ojú búlúù jáde, tàbí tó ní òun ò rí ibi tí òun máa ti gbéra, ara dísíkì tàbí Windows ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wà. Fláṣì yìí lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ojú ẹ̀rọ bá dúdú kirikiri, tí àmì kankan ò yọ, kò sí fláṣì tó lè ṣe é. Ẹ̀rọ náà ò tíì dé ibi tó ti máa wo fláṣì rárá. Iná tó ń ṣẹ́jú ni kẹ́ ẹ kà. Lára ọ̀pọ̀ Dell, tí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ní àwọ̀ ọsàn, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta ní funfun, RAM, ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, ni kò rí. Mẹ́ta ọsàn àti ọ̀kan funfun, bátìrì kékeré inú motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ) ló kú.

Fún ti RAM, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì ńlá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn náà ẹ yọ RAM, ẹ fi írésà funfun pa ojú aláwọ̀ wúrà rẹ̀, ẹ gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, kí ẹ tì í padà títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dún. Tó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀kan ọ̀kan dán an wò. Ẹ̀yà tí wọ́n jó RAM mọ́ motherboard, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jó.

Ventoy fúnra rẹ̀ ò tún nǹkan kan ṣe. Ilé tí àwọn irinṣẹ́ ń gbé ni. Láyé àtijọ́, ISO kan (fáìlì kan tó kó odindi ètò sínú), fláṣì kan ni. Ní báyìí, ẹ ṣí Ventoy2Disk.exe, ẹ yan fláṣì, ẹ tẹ Install (yóò nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀), kí ẹ wá da ISO tó bá wù yín sórí rẹ̀ bí ẹni da orin. exFAT, ọ̀nà ìtò fáìlì tó ń gba fáìlì ńlá, ni apá ńlá rẹ̀, nítorí náà ISO Windows 11 tó ju 4 GB lọ á gbà síbẹ̀. Fláṣì 16 GB lè gba Hiren's, Windows 11 àti Memtest86+ tó ń yẹ RAM wò, àmọ́ 32 GB ló tuni lára. Ẹ ṣọ́ra fún fláṣì tó ń pe ara rẹ̀ ní 1 TB lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọjà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ fi H2testw dán an wò kẹ́ ẹ tó fọkàn tán an, torí fláṣì ayédèrú máa ń gba fáìlì wọlé láìjiyàn, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kà á ni ọ̀rọ̀ á tó hàn.

Láti gbéra láti orí fláṣì: HP, ẹ tẹ Esc lẹ́yìn náà F9, Dell àti ThinkPad, F12, IdeaPad ní ihò kékeré kan tí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ gún. Tí Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ fi gbéra wò, bá wà ní títàn, Ventoy á gbé ojú búlúù kan jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ yan Enroll key from disk, VTOYEFI, kí ẹ mú fáìlì ENROLL_THIS_KEY_IN_MOKMANAGER.cer, lẹ́yìn náà ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Àwọn Lenovo tuntun kan á ṣì kọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi gba 3rd Party CA láàyè nínú BIOS, ibi tí ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ wà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì wá tún ní wàhálà tirẹ̀: páásíwọ̀ọ̀dù ẹni àkọ́kọ́ ṣì lè wà lórí BIOS. Ẹ wọ inú BIOS ní Computer Village kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá délé.

Ibi tó lè dùn yín jù nìyí: kí ẹ tó fọwọ́ kan Secure Boot, ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísíkì pa, wà lọ́wọ́ yín, torí Windows lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹyọ nọ́ńbà 48 ni, ó sì sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣètò ẹ̀rọ náà. Windows lè ti dísíkì pa bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é. Láìsí nọ́ńbà yẹn, Hiren's ò lè rí fáìlì kankan níbẹ̀, ẹnjiníà tó bá sì ní òun lè já a, ẹ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Hiren's wá ńkọ́? Windows kékeré ni, tó ń ṣiṣẹ́ nínú RAM, tó ní irinṣẹ́ rẹpẹtẹ. A fẹ́ràn pé ẹni tó mọ Windows kò ní sọnù nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣí ni GSmartControl, tó ń sọ bí ara dísíkì ṣe rí. Ẹ wo ìlà 5, 197 àti 198, tó ń ka ibi tó ti bàjẹ́ lára dísíkì. Tí nọ́ńbà Raw tó wà níwájú 197 tàbí 198 bá ti kúrò ní òdo, ẹ má fi chkdsk, àṣẹ Windows tó ń tún dísíkì ṣe, kàn án: chkdsk á mú dísíkì tó ń kú lọ ṣiṣẹ́ àṣekú, á sì kọ nǹkan sórí ohun tí ẹ fẹ́ gbà là. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì jáde. Robocopy, àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ nínú Command Prompt, ló dára jù fún un (D: ni dísíkì tó ń kú, E: ni ibi tí ẹ ń kó fáìlì lọ):

robocopy D:\Users E:\Users /E /XJ /R:1 /W:1

Ẹ má gbàgbé /R:1 àti /W:1. Láìsí wọn, robocopy á máa gbìyànjú fáìlì kan tó bàjẹ́ nígbà mílíọ̀nù kan, á sì máa fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sinmi láàárín. Àléébù GSmartControl ni pé àwọn ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ kò mọ NVMe, irú SSD tó yára. Ẹ fi CrystalDiskInfo tí kò nílò ìfisórí pamọ́ sórí fláṣì náà.

Tí dísíkì bá yè kooro, tí Windows nìkan ò mọ̀nà, ẹ fi àṣẹ bootrec /fixboot sílẹ̀; lórí ẹ̀rọ UEFI (irú BIOS òde òní), "Access is denied" ló sábà máa ń fèsì. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ diskpart, list vol. Ẹ wá FAT32 kékeré tó wà lórí dísíkì ẹ̀rọ, ó máa ń tó 100 tàbí 260 MB. VTOYEFI tó jẹ́ 32 MB, ti fláṣì ni, ẹ má ṣì í mú. Ẹ kọ sel vol àti nọ́ńbà rẹ̀, assign letter=S, exit, lẹ́yìn náà:

bcdboot D:\Windows /s S: /f UEFI

D: ni a kọ nítorí pé lẹ́tà máa ń yí padà níbí. Ẹ tẹ dir D:\Windows kí ẹ fi mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni.

Ìṣòro kan wà tí wọ́n ti torí ẹ̀ fọ́mátì ẹ̀rọ púpọ̀ lásán. Ojú búlúù kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, aago ẹ̀rọ sì ti padà sí ọdún àtijọ́. Bátìrì CR2032 ló kú, BIOS wá gbàgbé ètò rẹ̀, SATA Operation, ètò bí ẹ̀rọ ṣe ń bá dísíkì sọ̀rọ̀, sì ti yí láti AHCI sí RAID, tàbí láti RAID sí AHCI. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà (ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń ní wáyà àti ẹnu kékeré, ẹyọ rẹ̀ lásán kò ní wọlé), kí ẹ yí ètò náà padà sí èkejì, kí ẹ tún un tàn. Kò nílò fláṣì rárá.

Lórí láptọ́ọ̀pù Intel ìran kọkànlá sókè, Hiren's tàbí ISO Windows lè ní òun ò rí dísíkì kankan. Ẹ má tíì pe SSD ní òkú. Dírẹ́fà VMD, èyí tí Windows fi ń rí SSD lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ni kò sí níbẹ̀. Ẹ gba Intel RST, tí dírẹ́fà náà wà nínú rẹ̀, láti ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, ẹ tú u sínú fódà lórí fláṣì, kí ẹ sì kọ drvload nínú Command Prompt pẹ̀lú ọ̀nà tó lọ sí iaStorVD.inf.

Ventoy gba márùn-ún nínú márùn-ún lọ́wọ́ wa. Hiren's gba mẹ́rin. Ó pàdánù ọ̀kan nítorí irinṣẹ́ tó jọra pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn lè fi ọ̀kan nu dísíkì níbi tó ti fẹ́ gbà á là. Ti Memtest86+, ẹ jẹ́ kó yí po lẹ́ẹ̀kan pé ó kéré tán. Tí ìlà pupa kan bá yọ, ẹ tú RAM sílẹ̀, kí ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó tún Windows gbé sórí ẹ̀rọ náà.