Blood Feast (1963): èyí tí wọ́n ti gé ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ra Blood Feast, fíìmù ẹlẹ́rù kan, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta fíìmù àtijọ́ ní London. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n gé. Mo délé, mo fi í sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi tí Fuad Ramses, alásè tó ń pa èèyàn nínú fíìmù náà, ti ń fi pàṣán na ọmọbìnrin tó so mọ́ ògiri, ìlù ṣàdédé fò. Ìlù tó ń rọra dún gbì, gbì nínú fíìmù yìí ti mọ́ mi létí. Mo dá a padà, ó tún fò níbì kan náà. Àṣé èyí tí wọ́n gé ní 2001 ni wọ́n kó sínú páálí tuntun. Ọdún 2005 ni àwọn tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ kí odindi rẹ̀ jáde.

Mo gbé e padà. Ẹni tó wà nídìí káńtà ò gbójú sókè. Ó ní àwọn kì í gba díìsìkì tí wọ́n bá ti ṣí. Mo ní, ṣé mo lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìṣí i? Ó ní ohun tí wọ́n gé ò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Torí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe fíìmù yìí! Herschell Gordon Lewis tó darí rẹ̀ àti David Friedman tó gbé e jáde ò ní ju nǹkan bí 24,500 dọ́là lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lọ yà á ní Miami. Wọ́n wá ohun tí Hollywood ò ní dán wò, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí. Lewis fúnra rẹ̀ ló di kámẹ́rà mú, òun náà ló ṣe orin rẹ̀. Ahọ́n tí Ramses fà yọ lẹ́nu obìnrin inú hòtẹ́ẹ̀lì, ahọ́n àgùntàn ni. Ẹ wò ó dáadáa: ó gùn, ó nípọn, kò jọ ti èèyàn rárá, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ. Nígbà tí fíìmù náà jáde, Friedman ń pín àpò tí òǹwòran lè bì sí.

Àwọn òṣèré ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ńṣe ni Connie Mason, tó ṣe Suzette, ọmọbìnrin tí Ramses fẹ́ se àsè fún, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Òrìṣà Ishtar tí Ramses ń torí rẹ̀ pa èèyàn, tí wọ́n pè ní ti Íjíbítì, ti Babilóńì ni, ère rẹ̀ sì jẹ́ bèbí ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí wọ́n kùn ní wúrà. Ọlọ́pàá jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa òrìṣà náà, ó sì pẹ́ kó tó so ó pọ̀ mọ́ alásè tó ń pa èèyàn kiri. Èyí bí mi nínú gan-an.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àsè ni mo ń ṣe, mo sì mọ irú èèyàn tí ìyá Suzette inú fíìmù náà jẹ́. Wọ́n sọ fún un pé ẹran èèyàn ni Ramses fẹ́ fi ṣe àsè ọmọ rẹ̀, ohun tí àwọn àlejò máa jẹ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Bí nǹkan ṣe ń rí lọ́kàn onínàáwó nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan tó ń to páálí lẹ́yìn ló gbà mí. Ó rí orúkọ mi lára rìsíìtì, ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n bá yín wò ó.” Ó gbé díìsìkì náà síwájú iná, ó ka nọ́ńbà wínníwínní tó wà létí ihò àárín rẹ̀, ó fi wé ti páálí. “Kì í ṣe ọ̀kan náà, mà.” Ó wọlé lọ, ó mú òmíràn wá, ó fi í sínú ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù, ó sáré e dé ibi pàṣán. A jọ dúró, a tẹ́tí. Ìlù náà lọ tààrà, kò fò. Ó ní, “Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?” Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni ìdí káńtà ò sọ nǹkan kan.

Mo wo gbogbo ìṣẹ́jú 67 rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ní kí wọ́n ṣí i lójú òun kó tó sanwó.