Toyota 4Runner tí mo fi ń fa ọkọ̀ onígbòkun mi láti Iléṣà dé ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Toyota 4Runner ọdún 2006 ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí: ẹ́ńjìnnì V6 lítà mẹ́rin, tókùnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà. Iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ rà á kò wọ́pọ̀ nílùú wa. Mo ní ọkọ̀ ojú omi onígbòkun kan, Catalina 22, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 21 àtààbọ̀. Ilé wa ní Iléṣà ló ń gbé, lórí tírélà kékeré onítáyà méjì, etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ la sì ti ń sọ ọ́ sómi. Iléṣà ò ní odò tó lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìgbòkun tó sì ń gbé láàárín òkè bíi tiwa, ojú títì ló ti máa pẹ́ jù kó tó fojú kan omi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun tó ń fa ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Kí n tó wo jíìpù kankan, ìwọ̀n ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Àwọn tó ṣe Catalina 22 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tó nǹkan bí pọ́n-ùn 2,250, ìyẹn bíi kílò 1,020. Ṣùgbọ́n iye yẹn ò ka ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń so mọ́ ìdí rẹ̀, kò ka bátìrì, ìdákọ̀ró àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀, aṣọ ìgbòkun, epo, omi mímu, kò sì ka tírélà tó gbé gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní Hilux bá mi fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sún mọ́ kílò 1,560. Ẹ wò ó bó ṣe fi ìdajì ju iye inú ìwé lọ! Ẹni tó bá fi iye inú ìwé ra jíìpù, ẹrù á wọ jíìpù náà lọ́rùn.

Ìwọ̀n kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Ẹnu tírélà tó ń jókòó lé irin ìkọ́ tó wà lẹ́yìn jíìpù gbọ́dọ̀ wúwo dé ìwọ̀n kan: bí ó bá fúyẹ́ jù, tírélà á máa ju ìrù sọ́tùn-ún sósì bí eré bá pọ̀, bí ó bá wúwo jù, ẹ̀yìn jíìpù á rì, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí náà á sì fúyẹ́. Ohun tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹrù. Fún tèmi, ó yẹ kí ó tó nǹkan bí kílò 160, bí àpò kòkó méjì àtààbọ̀. Ìwọ̀n kòkó náà ni mo sì lò. Àwọn tó ń ra kòkó ládùúgbò wa gbà mí láàyè láti gbé ẹnu tírélà lé orí báskúùlù wọn, a sì ń sún ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn lórí tírélà títí ó fi bọ́ síbi tó yẹ. Ní Iléṣà, kò sí ìwọ̀n tó súnmọ́ni tó tún péye bíi ti àwọn oníkòkó.

Ìgbà tí mo ti mọ iye tí ẹrù mi jẹ́ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n má da ara mi láàmú, kí n ra Sienna. "Ọ̀gá, V6 náà ni. Á fà á dáadáa." Mo ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo gbà pé á fà á. Bí tírélà akẹ́rù bá dúró lójijì níwájú wa ní Ìkirè, ta ni yóò dá a dúró?" Pọ́n-ùn 3,500, bíi kílò 1,590, ni òpin ohun tí Toyota ní kí Sienna máa fà. Ẹrù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin yẹn láìtíì sí èèyàn, kúlà àti àpò aṣọ nínú ọkọ̀. Mi ò fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa ṣe gbogbo agbára rẹ̀ nígbà gbogbo.

Highlander V6 ti ọdún 2008 sókè lè fa pọ́n-ùn 5,000 bí wọ́n bá ṣe é pẹ̀lú ohun èlò ìfà láti ilé iṣẹ́. Ọkọ̀ tó tuni lára ni, kò sì mu epo tó 4Runner. Ohun tí mi ò fẹ́ nínú rẹ̀ ni pé kò ní ṣaasí, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, lọ́tọ̀. Ara rẹ̀ ni ó fi ń ru gbogbo nǹkan. Lórí ọ̀nà tó dán, ìyẹn ò burú. Lórí kòtò àti bọ́ǹpù tiwa, pẹ̀lú ẹrù tó ń fà á lẹ́yìn, tó tún ń tì í, ṣaasí irin ni ọkàn mi fẹ́. Hilux oní-dísù lè ṣe iṣẹ́ yìí láìmí, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pe tókùnbọ̀ rẹ̀ ga, ìyàwó àti àwọn ọmọ mi náà sì nílò ìjókòó tó rọrùn.

4Runner ní ṣaasí, òpin ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 5,000, bíi kílò 2,270. Àyè tó kù láàárín iye yẹn àti ẹrù mi ni mo san owó fún. Ọmọ òṣómàáló ni mí, mo mọ bí a ṣe ń ṣírò owó, n ò sì kábàámọ̀ èyí.

Ní ti ìrìn rẹ̀: láti Iléṣà dé Ifẹ̀, ọ̀nà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni ẹni tó ń fa ẹrù ti máa mọ ọkọ̀ rẹ̀. Jíà márùn-ún ló wà nínú V6 láti ọdún 2005 (ti 2003 àti 2004 jẹ́ mẹ́rin, ẹ fi síyè bí ẹ bá ń rajà). Tí mo bá ti ń fa ọkọ̀, mo máa ń gbé jíà kúrò lórí D sí 4. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí D, á máa pààrọ̀ láàárín jíà kẹrin àti ìkarùn-ún lórí gbogbo òkè kéékèèké, epo inú jíàbọ́ọ̀sì á gbóná, ooru sì ni ikú jíàbọ́ọ̀sì. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, mo tún ń gbé e sí 3, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dá a dúró kí bíréèkì lè sinmi. Ó ń gun òkè láìkùn. Mi ò ń sáré ju 80 lọ.

Tírélà mi ní bíréèkì tirẹ̀. Bí jíìpù bá ń dúró, tírélà á tì síwájú, títì yẹn ló ń tẹ bíréèkì rẹ̀, láìsí wáyà iná kankan. Èyí ló dára jù fún ohun tó ń wọ inú omi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bíréèkì jíìpù nìkan tó fún ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ.

A máa ń dúró níwájú Aṣéjìrè, kí n fi ọwọ́ kan ààrin táyà tírélà. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, bíárìn ti ń bàjẹ́. Bákan náà, ní Ẹ̀pẹ́, a kì í ti tírélà sómi lójú ẹsẹ̀ tí a bá dé. Irin gbígbóná tó bọ́ sínú omi tútù máa ń fa omi wọ inú, gírísì á sì bàjẹ́. A ó kọ́kọ́ jẹun, a ó gbé òpó ìgbòkun nàró lẹ́yìn tí a bá ti wòkè dáadáa pé kò sí wáyà iná nítòsí, nítorí irin ni òpó náà, ó sì lè pa èèyàn.

Etí omi níbi tí a ti ń sọ ọ́ ń yọ̀, ó sì dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni 4L, ìyẹn jíà tó lọ́ra tó sì lágbára, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fa ọkọ̀ jáde, mo yí i sí 4L, mo tẹ epo díẹ̀díẹ̀, jíìpù á sì rìn jáde bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, táyà ò ní yí lásán. Èyí nìkan tó láti fi yan ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ju èyí tí méjì ń fà lọ. Omi Ẹ̀pẹ́ kò níyọ̀ bíi ti ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá lo ti Èkó, ẹ fi omi tó mọ́ fọ bíréèkì àti abẹ́ jíìpù kí ẹ tó délé.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ó ń mu epo gan-an bí ó bá ń fa ẹrù, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i ju pé kí ẹ má sáré. Àárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.79, kò gùn tó ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, nítorí náà ẹ máa mọ̀ ọ́n lára bí ọkọ̀ akẹ́rù bá fẹ́ atẹ́gùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bí ẹ bá ń ra tókùnbọ̀ rẹ̀, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, kí ẹ máa kan ṣaasí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn tó wá láti ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń dípẹtà, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì. Ẹ wo epo jíàbọ́ọ̀sì: bí ó bá rí bíi mílíìkì tó pọ́n, omi ráàdíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀, ẹ máa lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tu epo náà lára gba inú ráàdíétọ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi pààrọ̀ ráàdíétọ̀ àtijọ́ kí n tó fa ohunkóhun. Kí irin ìkọ́ sì jẹ́ èyí tí wọ́n dè mọ́ ṣaasí pẹ̀lú bóòtù. Wẹ́dà kan ní Ifẹ̀ fẹ́ jó páìpù mọ́ bọ́ńpà fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá kéré, irú Lightning ẹsẹ̀ bàtà 19 tí wọ́n ń fi díje ní Èkó, ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 320 lọ, Highlander lásán á fà á láìsí wàhálà. Bó bá wúwo ju tèmi lọ dé kílò 2,000, ẹ wá 4Runner oní-V8.