Ẹ̀rọ awárin wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ máa wá owó kọ́bọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Bí ẹ bá ń gbèrò láti ra ẹ̀rọ awárin, èyí tí òyìnbó ń pè ní metal detector, kí ẹ lè máa fi wá owó irin tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tà á máa sọ fún yín ni bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ríran jìn tó nínú ilẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn sanwó. Sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ márùn-ún, tó bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé kan ní Ìpẹ́rù ní nǹkan bí ọdún 1975 kì í sábà jìn ju àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì lọ. Ohun méjì ló máa ń dààmú ẹ̀rọ níbí: ilẹ̀ wa pupa, púpọ̀ nínú owó wa sì jẹ́ irin dúdú bí ìṣó. Ẹ̀rọ tí kò bá lè fara da méjèèjì, bó ti wù kó wọ́n tó, kò wúlò fún wa.

Owó tí ẹ ń wá

Oṣù Kínní ọdún 1973 ni Nàìjíríà pa pọ́ùn àti ṣílè tì, tó gba náírà àti kọ́bọ̀. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan ìgbà yẹn, bàbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Kọ́bọ̀ márùn-ún tó ní àwòrán kòkó, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní sísì, kọ́bọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní ṣílè, àti kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ní ẹ̀pà lára, bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wọn. Ẹ̀rọ fẹ́ràn irú owó bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ á dún geere, nọ́ńbà tó yọ lójú rẹ̀ kò sì ní máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ́nì oníhò láàárín ti ayé àwọn baba wa. Bí orí bá sì bá yín ṣe é, tí ẹ bá ṣílè West Africa tí wọ́n rọ kó tó di 1920 pàdé, fàdákà nìyẹn, igbe rẹ̀ á yàtọ̀.

Ọdún 1991 ni nǹkan yí padà. Kọ́bọ̀ kan, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọdún yẹn jẹ́ irin dúdú tí wọ́n fi bàbà bò lára. Àádọ́ta kọ́bọ̀ tó ní àgbàdo àti náírà kan tó ní orí Herbert Macaulay jẹ́ irin dúdú tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn kíá. Ibí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń ra ẹ̀rọ.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: kọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, ń rán agbára òòfà sínú ilẹ̀. Agbára yìí á mú kí iná díẹ̀ máa yí po nínú irin tó bá bá pàdé, kọ́ìlì á sì gbọ́ èsì rẹ̀. Èsì irin dúdú kò rí bíi ti bàbà tàbí fàdákà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè dá ìṣó mọ̀, tó sì lè dákẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà lè dunnú sí ìyẹn, torí owó tí wọ́n ń ná kì í ṣe irin dúdú. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ bá yí ẹ̀rọ sí ipò tí wọ́n kọ Coins sí, tí ẹ sì fọkàn balẹ̀, náírà Macaulay lè bá ìṣó kọjá lọ láìdún. Nígbà mìíràn á ké lókè lẹ́ẹ̀kan, á tún ké nísàlẹ̀, bí ìdérí ìgò ọtí ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ìdérí ìgò sì kún gbogbo pápá tí wọ́n ti ń ṣe òde ní Ìjẹ̀bú! Torí náà ẹ̀rọ tí a nílò ni èyí tó jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn irin dúdú ní tirẹ̀, kí etí wa fúnra rẹ̀ kọ́ bí owó pẹrẹsẹ ṣe yàtọ̀ sí ìṣó.

Ní ti ilẹ̀, irin tó wà nínú yangí ló sọ ọ́ di pupa, ẹ̀rọ sì ń gbọ́ irin yẹn náà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìlíṣàn àti Ṣágámù, ẹ̀rọ tí kò bá mọ bí a ti ń bá ilẹ̀ mu, ìyẹn ni pé kó yọ ohùn ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kúrò nínú ohun tó ń gbọ́, á máa kùn ṣáá, tàbí kó fojú fo owó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní etí omi, bíi Ìwópin, iyanrìn rọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ da ẹ̀rọ láàmú. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló máa ń lọ lè ra ẹ̀rọ tí kò wọ́n, kó sì gbádùn rẹ̀.

Garrett ACE, Minelab Vanquish, Nokta Simplex+

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, iye wọn lókè òkun wà láàárín nǹkan bí dọ́là 200 sí 400. Kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ ó fi owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù kún un.

Garrett ACE 200 àti 300 ti Amẹ́ríkà ló rọrùn jù láti kọ́. Bátìrì AA mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. ACE 200 ń ṣiṣẹ́ ní 6.5 kHz (kHz ni iye ìgbà tí agbára òòfà kọ́ìlì ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún), ACE 300 ní 8 kHz, kọ́ìlì ACE 300 sì tóbi díẹ̀ ju ti ìkejì rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e, kó sì lóye rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àbùkù rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ti ṣètò ìbámu ilẹ̀ rẹ̀ pa, ẹ ò lè yí i. Bó bá dé orí yangí tó ń pariwo, ohun tó kù fún yín kò ju kí ẹ dín agbára rẹ̀ kù lọ, bí ẹ bá sì dín in kù, owó tó jìn díẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. ACE 400 sàn ju méjèèjì lọ fún wa: kọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ irú DD tó ń fara da ilẹ̀ pupa, ó sì ní ètò tó ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ irin dúdú lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ Garrett lọkàn yín fẹ́, 400 ni kí ẹ fi owó kún, kí ẹ rà.

Minelab Vanquish 440, ti ilé iṣẹ́ Ọsirélíà, gba ọ̀nà mìíràn. Kì í dúró sórí kHz kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ló ń rán jáde pọ̀, ó sì ń fi wọ́n bá ilẹ̀ mu fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ ohunkóhun. DD ni kọ́ìlì tirẹ̀ náà. Bọ́tìnnì kan wà tó ń ṣí etí rẹ̀ sí gbogbo irin pátá. Ẹ tẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó 1991 yín á máa fi ara hàn. AA mẹ́rin lòun náà ń lò. Kọ́ìlì rẹ̀ lè wọ omi dé mítà kan, ṣùgbọ́n àpótí òkè rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi rárá, òjò Ìjẹ̀bú kì í sì í kéde kó tó dé. Ẹ fi ọ̀rá bò ó. Àbúrò rẹ̀, 340, dín owó kù, àmọ́ kò ní ètò tó ń tọ́ka ibi tí owó wà gan-an. Mi ò rí ìdí tí a fi máa rà á. 540 wà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ láti inú íàpíìsì Bluetooth.

Nokta Simplex+ láti Tọ́kì jáde ní 2019. 12 kHz kan ṣoṣo ló ń lò, ṣùgbọ́n ẹ lè fọwọ́ ara yín bá a ṣètò ilẹ̀: ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ gbé kọ́ìlì sókè sódò lórí ilẹ̀ tí kò sí irin lábẹ́ rẹ̀, á sì bá yangí ibẹ̀ mu. Gbogbo ara rẹ̀ lè wọ omi dé mítà mẹ́ta, torí náà òjò tàbí etí ọ̀sà kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó ní iná fún àṣálẹ́, ó sì máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa. Bátìrì inú rẹ̀ kò ṣeé yọ. Ẹ̀ ń fi wáyà USB gba iná sí i. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, àwọn kan á ní AA dára ju ìyẹn lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Páwà báńkì tí ẹ ń fi gba iná sí fóònù tó o, bátìrì AA tó wà lórí igbá lọ́jà sì lè jẹ́ ayédèrú tí kò ní pẹ́ kú. Nokta ti gbé àwọn arọ́pò Simplex+ jáde láti 2023. Bí ẹ bá rí wọn lówó tí kò jìnnà sí ti àtijọ́, ẹ rà wọ́n.

Nínú èrò tèmi, Simplex+ tàbí arọ́pò rẹ̀ ni kí ará Ìjẹ̀bú rà, pàápàá ẹni tó máa ń jáde nígbà òjò. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká máa jáde, torí yangí ọyẹ́ le ju kí a fi ọkọ́ kékeré gbẹ́ ẹ lọ. Vanquish 440 ni kí ẹni tí kò fẹ́ kọ́ ètò kankan gbà. ACE 200 dára fún ọmọ.

Kí ẹ tó fi owó kún owó nítorí ẹ̀rọ ńlá, ẹ ra ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń pè ní pinpointer ná. Ẹ̀rọ ńlá á sọ pé owó wà níhìn-ín; ọ̀pá yìí lẹ ó tì bọ inú ihò, kó lè sọ apá ibi tó wà. Kò ní jẹ́ kí ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, ihò tó kéré ló sì ń jẹ́ kí onílé tún pè yín wá.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ rà, ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́

Ẹ sá fún ọ̀pá onírin tí wọ́n ní ó ń wá wúrà láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láyé. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní ìlú ọba rán James McCormick lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá nítorí ADE 651, ọ̀pá kan tó tà fún Iraq pé ó ń wá bọ́ǹbù, tó sì jẹ́ pé nǹkan ìṣeré tí wọ́n fi ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló mú un jáde láti inú rẹ̀. Àwọn ọ̀pá tó jọ ọ́ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní. Ká tiẹ̀ ní ẹ rí wúrà, òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 ti fi ohun tó wà nínú ilẹ̀ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Ẹ má gbé ẹ̀rọ dé Erédò Súngbọ́. Yàrà àti odi tó yí Ìjẹ̀bú ká yìí gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, láti 1995 ló sì ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó ń dúró de kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun àjogúnbá, gbà wọ́n wọlé. Decree 77 ti ọdún 1979 kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti wú ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Igbó orò àti ojúbọ náà, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ibi tí ẹ lè lọ pọ̀ tó: pápá ilé ìwé, bí ọ̀gá ilé ìwé bá gbà; ẹ̀yìn ọjà àtijọ́, bí ìyálọ́jà bá fọwọ́ sí i; iwájú ilé ẹbí, bí olórí ẹbí bá mọ̀. Ní Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń ná obì látọjọ́ pípẹ́, ẹ lè béèrè ibi tí àwọn oníṣòwò ti máa ń pàtẹ kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, kí ọ̀kan nínú àwọn onílé dúró tì yín. Ẹni tí wọ́n bá rí ní ìdájí tó ń gbẹ́ ihò ní àgbàlá onílé, èrò tí wọ́n máa rò sí i kì í ṣe ti owó kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ mú àádọ́ta kọ́bọ̀ ọdún 1991 kan, sísì 1973 kan, ìdérí ìgò kan àti ìṣó kan lọ bá ẹni tó ń tà á. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ gbangba lórí erùpẹ̀ pupa, ẹ jìnnà sí ilẹ̀ oníkọnkéré, torí irin wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kó tan ẹ̀rọ, kó gbé kọ́ìlì kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ̀yin fúnra yín sì gbọ́ ọ.