Yàrá Jáàsì Alágbàká: Ibi Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Jókòó Sí àti Alẹ́ Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Sanwó Fún

Bí ẹ bá máa sanwó fún alẹ́ kan péré nínú alẹ́ jáàsì mẹ́rin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá orin kan ní Alágbàká, l'Àkúrẹ́, fún oṣù tó ń bọ̀, alẹ́ kìn-ín-ní ni kẹ́ ẹ mú. Àárín ìlà kẹta ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ sì ti wọlé kí aago méje tó lù. Mo mọ̀ pé alẹ́ kẹrin, èyí tó ní gángan nínú, ni gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ káàkiri Àkúrẹ́. Màá sọ ìdí tí n kò fi ní yan ìyẹn.

Yàrá náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Alágbàká. Àga 48 ló wà níbẹ̀, ìlà mẹ́fà, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Kì í ṣe ilé ọtí tí wọ́n kàn fi olórin há sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo àga ló dojú kọ àwọn tó ń lu nǹkan, bí orin bá sì ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Jimọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú oṣù ni wọ́n fi ṣe é: onípianó, oníbéèsì àti onídírọ́ọ̀mù ní alẹ́ kìn-ín-ní, àwọn mẹ́ta yẹn pẹ̀lú onísáàsì (ẹni tó ń fun fèrè sasofóònù) ní ìkejì, obìnrin akọrin kan àti onígìtá ní ìkẹta, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń fi háíláìfù po jáàsì ní ìkẹrin.

Pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà lórí wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lásìkò òjò yìí. Ilé tí páànù bá wà lókè rẹ̀ kò ṣe é lu jáàsì. Tí òjò Àkúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lé páànù, ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá awọ dírọ́ọ̀mù kò ní gbọ́ ara rẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Níbí, kọnkéré ló wà lókè, yàrá mìíràn tún wà lórí kọnkéré. Òjò lè rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Wọ́n kan pátákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn, wọ́n fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì, fóòmù wà lẹ́yìn wọn. Kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé, kápẹ́ẹ̀tì sì wà lábẹ́ dírọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá fẹ́ dán yàrá orin wò níbikíbi, ẹ dúró sáàárín rẹ̀ nígbà tó ṣófo, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àtẹ́wọ́ yẹn bá ń ta padà lára ògiri, gbà-gbà-gbà, ìlù máa bo gbogbo ohun èlò tó kù mọ́lẹ̀. Tiwọn níbí ń rọlẹ̀ kíá, ó sì ń fi ìyókù díẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyókù yẹn. Yàrá tí wọ́n bá ti fi fóòmù bò ní gbogbo ara máa ń jẹ́ kí sáàsì dún bí ẹni pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń fun ún.

Ní ti ìjókòó, ẹ sá fún ìlà kìn-ín-ní. Síńbà, àwọn àwo irin ara dírọ́ọ̀mù, ló máa kún etí yín níbẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ béèsì dáadáa. Ìlà kẹfà fara ti ògiri. Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gbá jọ sẹ́bàá ògiri, ó tún wá burú jù ní kọ̀rọ̀, nítorí náà béèsì á wú ju bí oníbéèsì ṣe fà á lọ. Àga méjì tó kángun sí apá ọ̀tún ní ìlà karùn-ún àti ìkẹfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, fìríìsà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn tó máa ń kùn lemọ́lemọ́. Owó kan náà ni wọ́n ń gbà lórí àwọn àga wọ̀nyí, kò sì dára bẹ́ẹ̀.

Àárín ìlà kẹta, láti àga kẹta dé ìkẹfà, ni ibi tó péye. Ẹ ó rí ọwọ́ onípianó lápá òsì, ẹ ó sì rí ẹsẹ̀ òsì onídírọ́ọ̀mù lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ló ń tẹ háí-háàtì, àwo irin méjì tó ń pàdé ara wọn, ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń mọ̀ bóyá onílù gbọ́ jáàsì lóòótọ́ tàbí ó kàn ń lu nǹkan. Àwọn tó mọ ìtàn Tony Allen, onílù Fela, mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí Max Roach, onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, ṣe lórí háí-háàtì nínú ìwé ìròyìn DownBeat ló là á lójú, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tí ọ̀pọ̀ onílù Èkó ìgbà náà ń wò níran.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti éésì, torí òun ló ń ba orin jẹ́ jù nínú yàrá kékeré, àwọn tó wá gbọ́ orin kì í sì í fura sí i. Tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ohùn sáàsì àti ti tọ́ńpẹ́ẹ̀tì á wálẹ̀. Okùn irin inú pianó máa ń sún kì ní tirẹ̀ tí òtútù bá mú un, ohùn rẹ̀ á gòkè díẹ̀. Bí wọ́n bá pa éésì nígbà tí àwọn olórin ń dán ohùn wò ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n wá tàn án nígbà tí èrò dé, ọ̀nà sáàsì àti ti pianó á ti pín kí orin kejì tó parí. Onísáàsì á máa ti ẹnu fèrè rẹ̀ wọlé kí ohùn rẹ̀ lè gòkè bá pianó. Kò sí ohun tí onípianó lè ṣe sí tirẹ̀ láàárín orin. Àwọn tó ni yàrá yìí mọ̀ ọ́n: aago mẹ́rin ni wọ́n ti ń tan éésì, wọ́n á fi sí 24, wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí èrò á fi tú. Tí ooru bá mú yín díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Ẹ má pe ọmọ tó ń gbé omi kiri pé kó bá yín fi sí 18.

Pianó wọn, pianó gidi ni, èyí tó dúró lóòró. Nígbà òjò, pátákó inú rẹ̀ ń mu ọ̀rinrin, á wú, á ti okùn sókè, ohùn á gòkè, àárín pianó ló sì máa ń hàn sí jù. Nígbà ọyẹ́, pátákó náà á gbẹ, gbogbo rẹ̀ á rẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹni tó ń tún un ṣe ń wá, ó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí alẹ́ kìn-ín-ní bọ́ sí. Ó ń tún un sí 440, ìwọ̀n ohùn tí àwọn olórin jọ ń lò. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì òjò lẹ́yìn náà, àwọn okùn mẹ́ta tó ń para pọ̀ dún bí ohùn kan kò ní bára wọn mu mọ́, ohùn tó yẹ kó dúró ṣinṣin á máa mì. Nínú orin tó yára, ẹ lè má fura. Nínú orin tó lọ jẹ́ẹ́, kò sí ibi tó lè sá pa mọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi ní alẹ́ kìn-ín-ní: pianó ni olórí ohun èlò ní alẹ́ yẹn, ara rẹ̀ á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni. Ká ní wọ́n lè máa pe ẹni yẹn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ní àsìkò òjò nìkan, n kò ní máa tìtorí pianó yan alẹ́ kan ju òmíràn lọ.

Máíkì kò pọ̀ níbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Akọrin ní tirẹ̀, béèsì onígi ní kékeré kan lára. Dírọ́ọ̀mù, pianó àti sáàsì kò ní rárá. Àwọn olórin gbọ́dọ̀ fúnra wọn wọn ohùn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn onídírọ́ọ̀mù wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ ọ, ọwọ́ wọn mọ́ gáú, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tó gba ẹgbẹ̀rún èèyàn ni ọwọ́ yẹn mọ̀. Tí irú wọn bá fi igi nípọn lu dírọ́ọ̀mù nínú yàrá ẹni 48, oníbéèsì á yí ohùn rẹ̀ sókè, onípianó á máa gbá kọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ìjà. Ẹ wo ọwọ́ onílù kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá kó búrọ́ọ̀ṣì àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ wá, ọkàn yín á balẹ̀.

Ohun kan náà ló ń dà mí láàmú nípa alẹ́ kẹrin. Orin náà dára, ó sì ní gbòǹgbò: orúkọ tí Fela fún orin tirẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, nìyẹn, háíláìfù-jáàsì, nígbà tó ti London dé ní 1963. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ló ti máa ń dára jù. Fèrè méjì, gìtá, béèsì, dírọ́ọ̀mù, gángan tún wá lé e. Gángan kì í ṣe ìlù tó ń fara mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ, etí ọmọ Yorùbá kò sì lè ṣe kó má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Bí onísáàsì bá ń dá tirẹ̀ ṣe tí gángan ń kì í lẹ́yìn, gángan lẹ máa gbọ́. Tí ẹ bá máa lọ síbẹ̀ náà, ìlà karùn-ún ni kẹ́ ẹ mú, lápá òsì.

Alẹ́ kejì ló tẹ̀ lé ìkínní nínú ìwọ̀n tèmi. Ìkẹta, fún ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ inú orin ju ohun èlò lọ.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ jáàsì lójúkojú rí, kò le. Wọ́n á kọ́kọ́ lu orin náà bó ṣe wà, lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á máa dá tirẹ̀ ṣe lórí ìwọ̀n kan náà tó ń yí po, báà 32 lọ́pọ̀ ìgbà, báà 12 tó bá jẹ́ bùlúùsì (báà kan sábà máa ń jẹ́ kíka mẹ́rin). Ìwọ̀n kò ní yí padà, ohun tí wọ́n ń sọ lórí rẹ̀ ló ń yí. Tí ọ̀kan bá parí tirẹ̀, ẹ lè pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, ẹ má dúró kí orin tán. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń fún onídírọ́ọ̀mù ní báà mẹ́rin, tó ń dá mẹ́rin padà, lílé àti gbígbè gẹ́lẹ́. Wọ́n á tún wá lu orin náà bó ṣe wà, ó parí nìyẹn. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìwà hù ni ìgbà tó bá kan oníbéèsì. Ohùn gbogbo yàrá á lọ sílẹ̀, wọ́n á rò pé àyè ọ̀rọ̀ ti ṣí sílẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ń gbé ọkọ̀ wá. Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ dákẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ iná kò ní dà yín láàmú. Inifátà ló ń gbé máíkì, sípíkà àti gílóòbù, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn ilé nínú ilé bíríkì tirẹ̀, éésì nìkan ló ń gbé. Tí iná bá lọ, éésì á dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, orin kò ní dúró. Akọrin alẹ́ kẹta ń mú ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù dání nígbà mìíràn. Kí ẹni yẹn rí i pé ojú inifátà ni òun fi wáyà sí, torí kíbọ́ọ̀dù tó bá kú láàárín orin á ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Oúnjẹ: àsun ni kẹ́ ẹ jẹ, a kì í wá sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ká máa béèrè bọ́gà. Wọ́n ń sun ún dáadáa, ata rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ti pè é ṣáájú aago méje tàbí nígbà ìsinmi 20 ìṣẹ́jú tó wà láàárín apá méjèèjì. Wọn kì í gbé àwo kiri nígbà tí orin bá ń lọ, ẹni tó bá sì ní egungun lẹ́nu nígbà tí orin bá rọlẹ̀, gbogbo ìlà rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ.

₦10,000 ni ìwọlé, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú káàdì ilé ìwé dání á san ₦6,000. Ohun mímu kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó wà lára ìwé ìkéde kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà àga tẹ́ ẹ fẹ́ sínú àlàyé owó. Ẹ má fi í di ẹnu ọ̀nà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS máa ń ṣe wọ́n bó ṣe wù ú ní alẹ́ Jimọ̀, wọn ò sì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé títí owó á fi wọlé. Wọn kì í dá owó padà, àmọ́ wọ́n á bá yín sún un sí alẹ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ ní wákàtí 24 ṣáájú.

Aago méje ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó máa ń tó aago méje ààbọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, ìyẹn ò sì bójú mu fún ibi tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá pẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ká tètè dé, kí àwọn náà tètè bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ló ń parí. Ọkọ̀ mẹ́wàá péré ni ọgbà náà gbà, gọ́tà tó wà níwájú rẹ̀ sì máa ń kún tí òjò bá pọ̀, nítorí náà kí ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré gbé e sí òdìkejì títì. Ẹni tó ń ti Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ bọ̀ kó wá ibi sùn sí l'Akúrẹ́, kó má rìnrìn àjò lóru. Kéké kì í wọ́n ní Alágbàká lọ́sàn-án. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, kò rọrùn bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ ti bá onítakisí yín sọ̀rọ̀ nígbà ìsinmi.