NAC, L-cysteine, glutathione, àbí ẹyin: èwo ló tọ́ kẹ́ ẹ ná owó lé?

Àǹtí mi fi fọ́tò ike oògùn mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ àná, NAC (ìyẹn N-acetylcysteine, cysteine tí wọ́n so acetyl mọ́), L-cysteine (cysteine lásán) àti glutathione, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ọ̀kan, pé ẹni tó ń tà á ní ìkan náà ni gbogbo ẹ̀, cysteine ló wà níbẹ̀. Irọ́ kọ́ pátápátá, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ téèyàn lè gbé owó lé.

Cysteine wà lára àwọn amino acid tí ara fi ń mọ purotéènì. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni imí-ọjọ́ tó wà lára ẹ̀, òun lẹ máa ń gbóòórùn ẹ̀ tí irun bá jóná. Tí cysteine méjì bá pàdé, imí-ọjọ́ wọn á so kọ́ra bí okùn, ìdè yẹn ló jẹ́ kí irun àti èékánná le, ìdè yẹn náà sì ni rílásà máa ń já ní sálúùnù. Cysteine yìí kan náà, pẹ̀lú glutamate àti glycine, lara fi ń ṣe glutathione tó ń bá ẹ̀dọ̀ palẹ̀ májèlé mọ́, nínú àwọn mẹ́ta yẹn òun ló sábà máa ń tètè tán.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n wọ́n ná kó tó kan owó. Kápúsù NAC 600 mg kan, bíi 445 mg cysteine ló wà nínú ẹ̀. L-cysteine 500 mg, 500 náà ni, àfi tí wọ́n bá kọ hydrochloride monohydrate mọ́ ọn, ìyẹn á dín sí bíi 345. Glutathione 500 mg, bíi 197 péré, òun ló sì wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àǹtí mi fi ránṣẹ́! Ẹyin ńlá méjì, bíi 270.

NAC ló ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Téèyàn bá lo paracetamol jù, ẹ̀dọ̀ á sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ di májèlé kan tó ń jẹ́ NAPQI, glutathione ló máa ń pa á, tí glutathione bá sì tán, ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ ló kàn. NAC ni wọ́n máa ń fà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára lọ́sibítù, wákàtí 8 àkọ́kọ́ ló sì dáa jù. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 150 mg fún kílò kan, ẹni tó bá wọn kílò 60 á gba 9,000 mg, ìyẹn kápúsù 15 lẹ́ẹ̀kan náà. Torí náà ẹni tó ń rà á pamọ́ sílé nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń tan ara ẹ̀ ni o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ.

Iṣẹ́ ẹ̀ kejì ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki, ìdè imí-ọjọ́ wà nínú òun náà, NAC á já a bí rílásà ṣe ń já tirun, á wá rọrùn láti hú jáde. Ẹni tó ní asthma kó kọ́kọ́ bi dókítà, ẹni tó ń lo nitroglycerin fún ọkàn náà, torí orí lè máa fọ́ ọ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì já wálẹ̀. Èyí tó máa ń hó nínú omi, sodium pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ mú kápúsù. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ike tèmi, ọmọ mi pariwo láti pálọ̀ pé, "Dádì, ẹyin ti bàjẹ́ o!" Bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Tí ìyẹ̀fun inú ẹ̀ bá ti dì tàbí tó ti yí àwọ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Wọ́n tún ń ta NAC fáwọn tó ní sickle cell. Ìwádìí kan jáde ní 2017, 600 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, kò dín ìrora wọn kù, òótọ́ ni ṣá pé ọ̀pọ̀ wọn ò lò ó déédéé. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá rántí pé Amazon yọ ọ́ kúrò ní 2021, lẹ́tà ìkìlọ̀ FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ló fà á, FDA ti ní àwọn ò ní dí títà ẹ̀ lọ́wọ́ láti 2022.

L-cysteine ní tiẹ̀, inú búrẹ́dì lẹ ti ń jẹ ẹ́, òun ni E920 tí wọ́n fi ń mú ìyẹ̀fun rọ̀. Irun àti ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń sè nínú ásíìdì láti fi ṣe é, àwọn kan ti ń lo bakitéríà báyìí, torí náà tí ibi tó ti wá bá ká yín lára, ẹ ka ara ike. Ó tún máa ń tètè yí padà di cystine, tí kò fẹ́ yòrò nínú omi. Cystine yìí ni Wollaston, ará Ìlú Ọba, rí nínú òkúta àpò ìtọ̀ ní 1810, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ cysteine ti wá. Ẹni tó bá ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní kíndìnrín, ẹ má rà á láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Glutathione elẹ́nu, ikùn ti máa já èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń gbà kí ara lè pupa, FDA ilẹ̀ Philippines ti kìlọ̀ pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Èmi ò ní fi owó mi rà á.

WHO ní àgbàlagbà nílò 15 mg cysteine àti methionine (amino acid míì tó ní imí-ọjọ́) papọ̀ fún kílò kan lójúmọ́, ìyẹn 900 mg fẹ́ni kílò 60. Tẹ́ ẹ bá ka methionine inú ẹ̀ mọ́ cysteine ẹ̀, ẹyin méjì ti lé ní ìdajì ẹ̀, ẹ̀wà, ẹja àti adìyẹ á parí ìyókù. Bí mo ṣe dá àǹtí mi lóhùn nìyẹn: wọn ò húkọ́, ẹ̀dọ̀ wọn ò ṣe nǹkan kan, kí wọ́n ra kéréètì ẹyin kan.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹyin ló máa wá jẹ́ kí n pupa ni?"